Ibi Tí Ọwọ́ Àyọ̀ká Ń Lọ

Ẹ sún mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹni tí ikọ́ bá ń ṣe, kí ó wú u tán nísinsìnyí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání kò fẹ́ ariwo. Ẹ ti gbọ́ nípa ìrìn-àjò tèmi tẹ́lẹ̀. Ẹ mọ̀ pé mo ti bá iwin jẹun nínú àwo kan, mo sì ti fi ìbọn tí kò ní ẹ̀tù nínú lé egbére wọ ihò. Ìwọ Látúndé, má rẹ́rìn-ín. Ọ̀kẹ́rẹ́ lásán ni ó mú ọ ju fìlà sílẹ̀ lọ́jọ́ sí. Ṣùgbọ́n lónìí mo gbé ògo tèmi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ti Ọdẹ́jìnmí ni mo fẹ́ sọ, ọdẹ tí ó jù mí lọ, ẹ sì mọ̀ pé kì í rọrùn fún mi láti sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹnikẹ́ni.

Ní Òkè-Ẹfun, ìlú Ọdẹ́jìnmí, àwọn obìnrin ni wọ́n ń kun ògiri ààfin. Bí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọọdún, wọn a po ẹfun, wọn a lọ osùn, wọn a gún èédú, wọn a bu aró sínú ìkòkò, wọn a sì fi ìka àti ìyẹ́ adìyẹ ya àwọn àmì tí ìyá wọn kọ́ wọn: alángbá, òòyà, ọ̀kín, ilé ìgbín. Gbogbo ìlú ló mọ àwọn àmì náà. Nínú gbogbo obìnrin tí ń kun ògiri, kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tó ti Àyọ̀ká, aya Ọdẹ́jìnmí.

Àwọn méjèèjì bí ọmọbìnrin kan, Ìbídùn. Ibà mú un nígbà òjò, ibà náà kò sì lọ. Ẹ mọ àṣà wa: òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í sì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀. Bàbá Oyègún, àgbàlagbà tí ń gbẹ́ ilẹ̀ fún irú òkú bẹ́ẹ̀ nílùú, gba ọmọ náà pẹ̀lú ẹní tí ó wà lórí rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Nígbà tí ó padà dé, ó fọ ọkọ́ rẹ̀, ó gba ilé rẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ọmọ náà mọ́ nínú ilé. Àwọn àgbà ní kí àwọn òbí rẹ̀ má sunkún, pé ẹkún a máa dí ọ̀nà fún ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn, ó wọ igbó. Àyọ̀ká gbé ìgbálẹ̀, ó gbá ilé.

Nígbà tí àkókò ògiri tó, inú gbogbo ènìyàn dùn pé Àyọ̀ká tún ti ọwọ́ bọ osùn. Wọ́n ní, “Ó ti gbàgbé.” Òun náà rò pé òòyà ni òun fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ rẹ̀ ti kan ògiri, kò ya òòyà. Ọwọ́ náà lọ. Ó fà, ó tẹ̀, ó yí, ó dúró, ó tún lọ. Osùn gun orí ẹfun, aró ṣàn lórí èédú, ìyẹ́ adìyẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì kun ún, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Nígbà tí yóò fi dúró, gbogbo apá ìlà-oòrùn ògiri ààfin ti kún fún nǹkan tí kò lórúkọ.

Àwọn ènìyàn pé jọ. Jagun, olórí ogun ìlú, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ogun ni! Ẹ ò rí ẹṣin? Ẹ ò rí ọ̀kọ̀? Èmi tí mo ti jagun rí ni mo ń sọ ọ́!”

“Jagun, ẹ rọra o,” àgbẹ̀ kan dá a lóhùn. “Eṣú ni. Ìyẹ́ apá wọn nìyẹn. Àgbàdo wa ni wọ́n ń bọ̀ wá jẹ.”

Ìyàwó ilé kan dúró pẹ́ níwájú rẹ̀, ó ní orogún òun ni, àti pé ó ń yọ ahọ́n sí òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, nítorí Olókè, ọba ìlú, ti jáde. Ọba náà wo ògiri títí. Ohun tí ó rí níbẹ̀ ni àjà tí àwọn ọba ń wọ̀ tí wọn kì í sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ní:

“Ọwọ́ tí ń pe ibi kò gbọdọ̀ gbé láàárín wa. Bí oṣù tuntun bá lé, tí kò sí ẹni tí ó sọ ohun tí ó wà lára ògiri yìí fún mi kí ọkàn mi sì gbà á, Àyọ̀ká yóò jáde kúrò ní Òkè-Ẹfun, kò sì ní padà wọ̀ ọ́ láéláé.”

Ọdẹ́jìnmí dé láti igbó lọ́jọ́ náà gan-an. Ó bá aya rẹ̀ lórí àpótí nínú àgbàlá, ọwọ́ rẹ̀ sì pupa títí dé ìgúnpá.

“Àyọ̀ká, kí ló wà lára ògiri yẹn?”

“Mi ò mọ̀.”

“Ọwọ́ ta ló yà á?”

“Ọwọ́ mi ni.”

“Ọwọ́ rẹ kò wá sọ fún ọ?”

Àyọ̀ká na ọwọ́ méjèèjì sí i. “Àwọn nìyí. Ẹ bi wọ́n léèrè.”

Ọdẹ́jìnmí wo ọwọ́ náà, kò sì fọwọ́ kàn án. Ó bọ́ aṣọ kíjìpá funfun rẹ̀ tí ó fẹ̀ jù, ó lọ sí ààfin, ó tẹ́ ẹ mọ́ ògiri tí kò tíì gbẹ, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Nígbà tí ó ṣí i, gbogbo ohun tí ó wà lára ògiri ti mú lára aṣọ. Ó ká a, ó gbé e kọ́ èjìká, ó gbé ìbọn, ó rọ omi sínú kèrègbè, ó sì dojú kọ igbó tí ọ̀nà rẹ̀ kò ní ojú ẹsẹ̀ ènìyàn. Àwa ọdẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn bàbá wa pé lẹ́yìn igbó náà ni ìlú kan wà, níbi tí wọ́n ti ń ka gbogbo àmì tí ọwọ́ ẹ̀dá bá fi lélẹ̀. A gbọ́ ọ, a kò lọ. Èmi náà kò lọ, n kò sì purọ́ fún yín: kì í ṣe pé ẹ̀rù bà mí, ẹsẹ̀ ló ń dùn mí nígbà náà.

Bí ó ti wọ igbó, iwin kan jókòó sójú ọ̀nà lórí òkúta. Olójú-Káàkiri ni orúkọ rẹ̀. Ojú bò ó láti àtàrí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní ojú ní ìgúnpá, ó ní ojú ní orókún, ojú kan tilẹ̀ wà ní idodo rẹ̀ tí ó ń sunkún láìdẹ́kun.

“Ìwọ tí o ní ojú méjì péré,” ni iwin náà wí, “báwo ni o ṣe ń gbé ayé?”

“Àwọn tí mo ní tó mi,” ni Ọdẹ́jìnmí dáhùn. “Mo tilẹ̀ máa ń pa wọ́n dé bí ó bá yẹ.”

“Ẹnu rẹ mú. Ó dára. Gbọ́ àlọ́ mi. Bí o bá já a, o kọjá. Bí o kò bá já a, ojú rẹ méjèèjì yóò wá bá ẹ̀gbọ́n wọn lára mi, nítorí àyè ṣì wà ní ẹ̀yìn mi. Ó ń rìn, kò lẹ́sẹ̀. Bí ọmọdé bá wò ó, erin ni. Bí ẹni tí ebi ń pa bá wò ó, iyán ni. Bí ahunṣọ bá wò ó, òwú ni. Bí o bá ní kí o fọwọ́ kàn án, kò sí níbẹ̀.”

Ọdẹ́jìnmí ronú. Ó ro ti ẹ̀mí, ó ro ti èéfín, ó ro ti àlá, kò sì sí èyí tí ó bá a mu. Ẹ̀yìn iwin náà ti ń ṣí àyè sílẹ̀, ó ń fà bí ẹni tí ń mí. Nígbà náà ni ó rántí ọjọ́ kan ní ahéré. Ó ń nu ìbọn, Ìbídùn sì dùbúlẹ̀ gbalaja lórí koríko, ó ní, “Bàbá mi, ẹ wo erin yẹn lókè! Ó ń ju ìrù!” Òun dáhùn pé, “Hẹn, mo rí i,” kò sì gbé ojú sókè.

“Àwọsánmà ni,” ni Ọdẹ́jìnmí wí.

Ó dun iwin náà. “O já a. Ṣùgbọ́n kí ni o ká sí èjìká yẹn? Jẹ́ kí n wò ó.”

Ọdẹ́jìnmí tú aṣọ. Ìjà bá bẹ́ sílẹ̀. Ojú orókún ní oyin ni, ojú ìgúnpá ní ejò ni, ojú iwájú orí ní, “Ẹ̀yin ará ìsàlẹ̀, ẹ dákẹ́, iná ni,” ojú idodo sì ní òun ò mọ ohun tí ó jẹ́ ṣùgbọ́n ó ba òun nínú jẹ́. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń ṣẹ́jú síra wọn, iwin náà ń fi ọwọ́ gbá ara rẹ̀ ní orókún, ó ń gbá ara rẹ̀ ní etí, omijé sì ń ya bí odò. Ọdẹ́jìnmí ká aṣọ rẹ̀, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ìlú tirẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí lára ẹ̀dá kan ṣoṣo yẹn.

Ìlú tí ó wọ̀ lẹ́yìn igbó náà ni à ń pè ní Pè-é-kó-dà. Gbogbo ògiri ibẹ̀ ni a kùn lọ́nà tí kò lórí tí kò nídìí, àwọn ará ìlú sì ń rìn ti àwọn ti ọwọ́ lẹ́nu. Oníbodè pàdé rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ láti àárín ìka:

“Ẹ káàbọ̀, ọdẹ. Òfin kan ni a ní. Níbí, ohun tí ènìyàn bá pe àwòrán ni àwòrán náà yóò dà, yóò sì jáde sí i. Ẹ má pe ohun tí ẹ kò tíì rí tán.”

“Ṣé èmi ni ẹ ń kọ́?” ni Ọdẹ́jìnmí bi í. “Àwa ọdẹ kì í yìnbọn sí ìrù tí a kò tíì rí orí rẹ̀. Òfin ilé mi nìyẹn kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín.”

Ẹnu lè mọ òfin kí ọwọ́ má mọ̀ ọ́n. Ó tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lójú agbo, àwọn ará ìlú yí i ká. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ní igun kan, osùn àti èédú dà pọ̀ ní tótòtó, ohun kan tẹ̀ kọrọdọ lábẹ́ rẹ̀ bí ìrù, ọdẹ náà sì ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ṣíṣọ́ irú tótòtó bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ewé.

“Ẹkùn!”

Kò tíì pa ẹnu dé tí ó fi fò jáde. Ẹkùn ni, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹkùn pupa tí èédú ń kán lára rẹ̀, èékánná rẹ̀ sì ń dán lójú oòrùn. Agbo túká. Ọdẹ́jìnmí yìnbọn, ọta wọ ọ́ ní igbáàyà, ó gba ẹ̀yìn jáde bí ẹni yìnbọn sí eruku, ẹkùn náà kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó tún yìn ín, bákan náà ni. Ó fi ìdí ìbọn gbá a, ìdí ìbọn sì rì sínú rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rì sínú ẹrẹ̀. Ẹkùn gbé e ṣánlẹ̀, ó gun orí àyà rẹ̀, òórùn osùn tí Àyọ̀ká fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ ni ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Látúndé, má bojú wẹ̀yìn, kò sí ẹkùn níbí; bí ó bá sì wà, èmi náà wà.

“Kí ni wọ́n fi ṣe é?” ohùn obìnrin arúgbó kan pariwo láti ẹ̀gbẹ́ ògiri. “Ọdẹ, ronú! Kí ni wọ́n fi ṣe é?”

Ọwọ́ Ọdẹ́jìnmí wá kèrègbè rẹ̀ rí. Ó fi eyín fa ìdérí rẹ̀ yọ, ó da gbogbo omi inú rẹ̀ sí ojú ẹkùn náà. Orí yọ́, ọrùn yọ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀, ẹran tí ó wúwo bí àpáta sì ṣàn dànù lára rẹ̀ bí omi ìfọṣọ. Nígbà tí ó dìde, ó yíjú sí aṣọ. Níbi tí ẹkùn ti jáde, funfun báláú ni. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ nínú iṣẹ́ aya rẹ̀, ohun tí ó kù sì ni gbogbo ohun tí ó ní láti gbà á sílẹ̀.

Arúgbó tí ó pariwo náà wá jókòó tì í. Ìyá Afọwọ́wò ni wọ́n ń pè é. Ojú rẹ̀ méjèèjì ti fọ́ láti kékeré.

“Ìyá, ẹ jọ̀wọ́,” Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀, “ẹ bá mi sọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Wọn yóò lé aya mi kúrò nílé.”

Ìyá náà fi àtẹ́lẹwọ́ rìn lórí aṣọ díẹ̀díẹ̀. “Níbo ni ọwọ́ yìí gbà wọlé?”

“N kò mọ̀.”

“Níbo ni ó ti sáré? Níbo ni ó ti rẹ̀ ẹ́?”

“Ìyá, ohun tí ó jọ ni mo ń béèrè.”

“Gbọ́ ẹnu ẹni tí ń pe ara rẹ̀ ní ọdẹ!” arúgbó náà pòṣé. “Bí o bá rí ojú ẹsẹ̀ ẹtu nínú ẹrẹ̀, ṣé o máa ń dúró wò ó pé ó jọ obì tí a là sí méjì? Ṣé o máa ń pe ará ilé rẹ pé kí wọ́n wá wo obì?”

Ọdẹ́jìnmí tún wo aṣọ náà.

“Dáhùn. Kí lo máa ń ṣe?”

“Mo máa ń tẹ̀lé e.”

“Tẹ̀lé e.”

Ó kúnlẹ̀. Ó di ojú, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé aṣọ. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó bá ibi tí ọwọ́ méjèèjì ti tẹ̀ wọlé ṣinṣin: ẹni tí ó kúnlẹ̀ ni, ó ń wá ohun tí ó yẹ kí ó wà nílẹ̀ tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ìlà kan ṣoṣo, tóóró, tí ó yára. Ó tẹ̀lé e. Ìlà náà pín, ọwọ́ lọ díẹ̀ ní apá kan, ó padà, ó lọ díẹ̀ ní apá kejì, ó padà. Ó mọ̀ pé ó padà nítorí osùn nípọn níbi tí ó ti yí ẹsẹ̀ dà. Ó gbàgbé pé aṣọ ni òun ń fọwọ́ kàn. Ọ̀nà ni. Ó ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi dé àárín.

Ibẹ̀ ni ó ti la ojú, Ìbídùn sì ń wò ó.

Kò sí àníàní níbẹ̀. Ẹfun ni ẹyinjú rẹ̀, aró ni irun rẹ̀ tí a dì ní ṣùkú, ìka kan péré ni ó fa ẹ̀rín tí ó fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ rín.

“Pè é,” ni ohùn kan wí létí rẹ̀. Ọkùnrin kan ti bẹ̀rẹ̀ tì í, aṣọ rẹ̀ mọ́, ohùn rẹ̀ dùn. Ẹlẹ́nu-Oyin ni, ẹni tí ń jókòó ti àwọn àlejò ní ìlú yẹn. “Kí ló dé tí o fi ń wò ó bẹ́ẹ̀? Orúkọ kan péré ni. Ọmọ rẹ ni yóò dìde, yóò di ọ lọ́wọ́ mú, ẹ ó jọ lọ sílé.”

Ọdẹ́jìnmí wo Ìyá Afọwọ́wò.

“Bí mo bá pè é, aṣọ yìí ńkọ́?”

“Yóò funfun. Kí lo fẹ́ fi àkísà ṣe nígbà tí ọmọ bá ti dé?”

“Wọn yóò lé ìyá rẹ̀.”

“Ìyá rẹ̀ yóò tẹ̀lé yín. Ta ni yóò ní òun kò tẹ̀lé ọmọ tí ó jí? Pè é, ọdẹ. Oòrùn ń lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yí lára aṣọ yìí, o lè má rí ojú yẹn mọ́.”

Òtítọ́ ni. Òjìji ògiri ti ń rìn bọ̀ wá sórí aṣọ. Orúkọ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, ó wúwo, ó gbóná. Ètè rẹ̀ là. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tì í, ó sì bu ọwọ́ náà jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Láti ẹ̀yìn eyín ni ó ti béèrè:

“Bí ó bá jáde, ṣé yóò mọ ìyá rẹ̀?”

Ẹlẹ́nu-Oyin rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ẹnu rẹ ni yóò gbà jáde. Ohun tí o bá mọ̀ nípa rẹ̀ ni yóò jẹ́.”

Ọdẹ́jìnmí ro ohun tí ó mọ̀. Ó mọ ohùn rẹ̀ bí ó bá ń pè é lójú ọ̀nà oko. Ó mọ ti erin ojú ọ̀run tí òun kò gbójú sókè wò. Ó mọ bí ó ti wúwo tó ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn. Kò mọ orin tí ó fẹ́ràn. Kò mọ ohun tí ń bà á lẹ́rù. Kò mọ ẹni tí ó máa ń dì í ní ṣùkú tàbí ìgbà tí ó kọ́kọ́ rìn. Inú igbó ni ó wà. Ìdajì ọmọ ni yóò ti ẹnu òun jáde, yóò sì dúró níwájú Àyọ̀ká, kò ní mọ̀ ọ́n.

Ó tún di ojú. Èyí ni ó le jù nínú gbogbo ohun tí Ọdẹ́jìnmí ṣe láyé rẹ̀, mo sì rí i tí ó bá ẹfọ̀n jà. Ó gbé ọwọ́ tí ń ṣẹ̀jẹ̀ lé àárín aṣọ, ó sì kọjá lórí ojú ọmọ rẹ̀, ó ń tẹ̀lé ọwọ́ aya rẹ̀ lọ. Lábẹ́ ìka rẹ̀, kò sí ojú kankan níbẹ̀. Ìka márùn-ún ni ó ń yí po, yí po, lójú kan náà, tí wọ́n ń wa ògiri bí ẹni ń wa ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ọwọ́ náà tún dìde, ó sáré, ó sì bọ́ kúrò ní etí aṣọ.

Ó jókòó sẹ́yìn. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

“O ti mọ̀ ọ́n,” ni Ìyá Afọwọ́wò wí.

“Mo ti mọ̀ ọ́n, Ìyá.”

“Má sọ ọ́ níbí. Lọ sọ ọ́ fún àwọn tí ó ni ín.”

Bí ó ti rìn dé ilé, n kò ní fi dá yín dúró. Ẹlẹ́nu-Oyin tẹ̀lé e dé ibodè, ó ń pe orúkọ dídùn sí i lẹ́yìn, kò sì bojú wẹ̀yìn. Nígbà tí ó wọ Òkè-Ẹfun, wọ́n ti ń retí oṣù tuntun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àyọ̀ká jókòó níwájú ààfin ti òun ti ẹrù rẹ̀ tí wọ́n ti dì fún un. Jagun ni ó kọ́kọ́ rí ọkọ rẹ̀.

“Ọdẹ ńlá ti dé! Ẹran wo lo pa lára ògiri, kí a wá bá ọ kun ún?”

“Jagun, mo kí yín,” ni Ọdẹ́jìnmí wí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọba. “Kábíyèsí, mo ti mú un dé. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ̀rọ̀, mo bẹ̀ yín, kí ẹ dìde, kí ẹ fún mi ní ọwọ́ yín.”

Àwọn ìjòyè kùn. Ta ni ń fa ọba lọ́wọ́? Ṣùgbọ́n ọba ti sùn ìsùn búburú láti ọjọ́ tí ó ti wo ògiri yẹn, ó sì dìde. Ọdẹ́jìnmí mú un kúnlẹ̀ níbi tí ọwọ́ Àyọ̀ká ti wọlé lára ògiri, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ọba lé e.

“Kábíyèsí, ohun tí olúkúlùkù wa rí kì í ṣe irọ́. Jagun rí ogun. Ogun wà lójú Jagun. Èmi rí ẹkùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ohun tí ẹ̀yin rí, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó rìn níbí. Ẹ jẹ́ kí a bá a rìn. Ẹni yìí kúnlẹ̀, ó fọwọ́ tá ilẹ̀ níbi tí ẹní kan máa ń wà. Ẹní náà kò sí níbẹ̀. Ó dìde. Ẹ jẹ́ kí a lọ. Èyí tóóró, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni, ó ń sáré lójú rẹ̀. Ó dé oríta. Ó lọ sí ọ̀nà odò, ó padà. Ó lọ sí ọ̀nà àkùrọ̀, ó padà. Níbí, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ìka wa ilẹ̀. Kò rí nǹkan. Ó tún dìde. Níbí, ògiri tán. Ọwọ́ náà kò tán.”

Ọba ti dé etí ògiri, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú afẹ́fẹ́. Ó béèrè jẹ́jẹ́: “Ta ni ó ń rìn báyìí?”

Kò sí ẹni tí ó dáhùn láàárín àwọn ọkùnrin. Láti ẹ̀yìn agbo, obìnrin kan tí òun náà ti fi ọmọ fún ilẹ̀ rí ni ó wí pé, “Ẹni tí ń wá ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí.”

Gbogbo ojú yí sí Àyọ̀ká. Ó ti dìde, ó ń wo ògiri bí ẹni tí ń rí i fún ìgbà àkọ́kọ́.

“N kò mọ̀ pé ibẹ̀ ni mo ń lọ,” ni ó wí. Ẹkún tí wọ́n ní kí ó má sun sì dé, ó sun ún lójú gbogbo ìlú.

“Kábíyèsí,” ohùn kan wí. Bàbá Oyègún ni. Ó ṣí fìlà. “Láti ìgbà tí mo ti ń gbẹ́ ilẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò bi mí léèrè rí. Gbogbo wọn, èmi nìkan ni mo ń dá wọn gbé nínú.”

“Oyègún, àṣà ni.”

“Àṣà ni, Kábíyèsí. Nítorí àánú òbí ni àwọn bàbá wa ṣe dá a. Ẹ wo obìnrin yìí. Ṣé àánú rèé?”

Nígbà tí ọba la ẹnu, Àyọ̀ká kọ́ ni ó bá sọ̀rọ̀, ìjòyè kankan kọ́ ni ó bá sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ògiri mi dára. A kò ní lé ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Mo fẹ́ wò ó dáadáa, ẹni tí ń wo ògiri kò sì mọ ẹni tí ń kọjá lẹ́yìn òun.” Ó kẹ́yìn sí agbo, ó dojú kọ ògiri. Àwọn ìjòyè kẹ́yìn bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Gbogbo ìlú kẹ́yìn. Èmi náà, tí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, kẹ́yìn. Jagun ni ó kẹ́yìn gbẹ̀yìn, ó ń kùn sínú pé, “Mo ṣì rí ẹṣin níbẹ̀ o.”

Bàbá Oyègún ṣíwájú, àwọn méjèèjì tẹ̀lé e. Kò jìnnà. Lábẹ́ igi ìyeyè kan ni, lẹ́yìn àkùrọ̀, ibi tí Àyọ̀ká ti kọjá ní ìgbà tí kò lóǹkà. Bàbá Oyègún nawọ́ sí i, ó sì padà lẹ́yìn wọn. Àyọ̀ká kúnlẹ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀, ọwọ́ náà kò sì rìn mọ́.

Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn sílẹ̀, ó jókòó tì í lórí ewé.

“Àyọ̀ká,” ni ó wí, “sọ Ìbídùn fún mi. Ìdajì rẹ̀ péré ni mo mọ̀.”

Àyọ̀ká fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó ronú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Ohun tí ó sọ kò kan èmi àti ẹ̀yin. Ẹ dìde. Ẹni tí ó bá ní ọmọ nílé, kí ó lọ wo ojú rẹ̀.